Tépù Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Màmá Oníṣu

Ṣakí,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè kan sùn lọ́kàn rẹ̀,

Mo kí ọ o. Mo kí ilé tuntun, mo kí iṣẹ́ tuntun, mo sì bá àwọn àgbẹ̀ Ìpàpó kẹ́dùn, nítorí mo mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ ní kí n bá àwọn kí ọ. Wọ́n ní kí o máa yẹ omi ọkọ̀ Màmá Oníṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ wò kí o tó gbéra, pé píkọ́ọ̀pù àgbàlagbà kò fẹ́ ìwàǹwára.

Nígbà tí o pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá, o ní o ti ra ọ̀dà, o ti ra sanpépà, o ti ra tépù oníwèé mẹ́rin, àti pé àgbàlá ilé rẹ ni o ti fẹ́ kun ọkọ̀ náà fúnra rẹ. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí pé, “Màmá, báwo ni màá ṣe fi tépù bo ìkọ̀wé Màmá Oníṣu tí ọ̀dà kò fi ní kàn án rárá?” Ẹnu ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já sí. Wàá ti rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí n pè ọ́ padà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ìdì kékeré kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, mo fi òwú dì í. Dẹ́rẹ́bà tí mo fi í rán láti gáréèjì kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì tú u. Mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ á ti wà lára òwú náà báyìí. Mú un kúrò níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ kà mí parí.

O mọ ìtàn ìkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo fẹ́ kó wà lójú rẹ dáadáa. Ìyá mi, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Màmá Oníṣu, kò lọ sílé ìwé ní kékeré. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n kọ, wọn kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ra ọ̀dà funfun agolo kan, wọ́n gbé àpótí sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó iṣu láti Ìlerò, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pé: ÈMI ÀBẸ̀NÍ NI MO KỌ Ọ́. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà náà ń gòkè lọ sí apá ọ̀tún, kò tọ́ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n á ní kí ó kà á, yóò rí ẹni tó kọ ọ́. Ìwọ náà fi yangàn ní kékeré. O máa ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, o máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ọwọ́ ìyá ìyá rẹ nìyí. Fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, n kò lè gbójú fo ìbéèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti tépù.

Èkíní, kí o tó lẹ tépù mọ́ nǹkan, mọ ohun tí o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Fi ọṣẹ fọ ara ọkọ̀, jẹ́ kó gbẹ, fi àkísà mímọ́ nù ún. Lẹ́yìn náà, ya tépù kékeré kan, lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú kò tó, kí o ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan. Má wo ara ọkọ̀ nìkan. Yí tépù náà padà kí o wo gọ́ọ̀mù rẹ̀. Kí ló mú bọ̀? Ṣé eruku ni? Ṣé epo ni? Àbí ọ̀dà àtijọ́ ló bó wá? Ohun tó bá mú bọ̀ ló máa sọ fún ọ bóyá o lè fọkàn tán ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tuntun, bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò tuntun, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkùnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ ní Ìpàpó níbẹ̀. Fi nǹkan kékeré dán an wò ná.

Èkejì, fi èékánná tẹ etí tépù mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ibi tí etí kò bá ti lẹ̀ ni ọ̀dà máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n má nà án. Mo ti wo èyí títí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu: bí o bá fa tépù kó lè dé ibi tí kò dé, á gbà fún ọ lójú ẹsẹ̀, bí o bá kẹ́yìn sí i tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sún padà díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá tẹ̀, bí etí iná iwájú, ya á ní kéékèèké kí o lẹ̀ wọ́n lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí o fi bo gíláàsì, kí ó jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí ọ̀dà máa ń la ẹyọ kan kọjá. Kí o sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kàkà kí o kùn ún kó nípọn lẹ́ẹ̀kan. Láti orí tépù ni kí o ti máa fọ́n ọ̀dà lọ sára ọkọ̀. Má fọ́n ọn kọjú sí etí tépù.

Ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo èyí ni Bàbá Ràfíù, pẹ́ńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbà mí sí. N kò tíì lọ́kọ nígbà náà. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí kì í ṣe sẹ́lótéèpù ni wọ́n ń lò, kí ló dé tí wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ tépù mọ́ ṣòkòtò ara wọn kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ní bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti le jù, ṣòkòtò ló ń bá àwọn dín in kù, kó má baà gbá ara ọkọ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí tíṣà máa lọ, agogo ti fẹ́ lù. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, òtítọ́ sì ni. Ohun tí n kò rí ni pé àsìkò tí wọ́n ń lẹ tépù nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀. Agogo á lù, màá sáré lọ. N kò rí wọn rí kí wọ́n máa ṣí i. Ìdajì iṣẹ́ ni mo kọ́, mo sì rò pé odindi ni.

Èyí ni kí o fi ṣe ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára ohun tí o béèrè. Níbi iṣẹ́ rẹ, má kàn wo bí nǹkan ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Dúró kí o rí bó ṣe ń parí.

Wàyí o, ìtàn tí mo ti ń sá fún.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, ìyá mi lọ sí Ìlerò lọ ra iṣu. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn máa lò. Ara awakọ̀ wọn kò yá, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n bá lọ, píkọ́ọ̀pù sì wà nílé. Ó ti ń dógùn-ún lábẹ́ àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tó dé, màá ti kùn ún fún wọn. Bàbá Ràfíù yá mi ní ẹ̀rọ tí ń fọ́n ọ̀dà, wọ́n bá mi po àwọ̀ ewé bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n ṣe parí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ kíákíá tí wọn kò fi rí àyè bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àlàmísì ni mo lẹ tépù. Mo bo iná, mo bo gíláàsì, mo sì fi tépù fífẹ̀ mẹ́ta bo ìkọ̀wé ìyá mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ní Jímọ̀ mo kun ọkọ̀. Ó dára, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń lọ kírun dúró wò ó. Orí mi wú. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sọmọ lórúkọ ní Àgọ́-Àrẹ lọ́jọ́ kejì, mo bọ́ sọ́kọ̀, mo lọ. Èrò mi ni pé kí ọ̀dà gbẹ pátápátá kí n tó ṣí tépù, pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe dára tó. N kò padà dé títí di Àlàrùba. O mọ oòrùn ọyẹ́ wa yìí, èyí tí ń la ètè. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń jẹ ìrẹsì ní Àgọ́-Àrẹ ló fi ń yan gọ́ọ̀mù tépù náà mọ́ ara irin.

Bí mo ṣe ń sọ báàgì kalẹ̀ ni ẹnìkan wá jẹ́ iṣẹ́ fún mi pé ìyá mi ti kúrò ní Ìlerò, pé wọ́n á wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sáré lọ sídìí ọkọ̀. Tépù ara iná ń já sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kù sára. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Nígbà tí mo dé ìdí ìkọ̀wé, mo fi agbára fa tépù àkọ́kọ́. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò já bíi ti iná. Mo wo ara ọkọ̀, n kò rí òkè lẹ́tà kankan níbẹ̀ mọ́. Mo yí tépù náà padà. Òkè gbogbo lẹ́tà náà wà lára gọ́ọ̀mù, wọ́n funfun, kò sí ọ̀kan tó ya.

Ó yẹ kí n dúró. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fa èkejì, mo tún fa ẹ̀kẹta. Má bi mí pé kí ló dé, mo ti bi ara mi tó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ fún aráyé rí, mo ti bó o kúrò bí èèpo iṣu, wọ́n sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń bọ̀.

Mo kó tépù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ààtàn ẹ̀yìn ilé, mo fi háhá àgbàdo bò wọ́n. Mo wá ọ̀dà funfun, mo wá búrọ́ọ̀ṣì, mo sì fi ohun tí ojú mi rántí kọ ọ́ padà síbẹ̀, mo jẹ́ kí ìlà náà gòkè bí ó ṣe ń gòkè tẹ́lẹ̀: ÈMI ÀBẸ̀NÍ NI MO KỌ Ọ́. Irọ́ ni, ọmọ mi. Èmi Àṣàkẹ́ ni mo kọ ọ́. Èyí tí o ń fi ìka tẹ̀ lé ní kékeré, èyí tí o fẹ́ fi tépù dáàbò bò ní Ìpàpó, ọwọ́ tèmi ni.

Bó bá ń bí ọ nínú, bínú. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń yìn mí, wọ́n ń kì mí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n sún mọ́ ìkọ̀wé náà. Wọ́n na ìka, wọ́n fi kan lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Wọ́n wo funfun tó wà lórí ìka wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n wá wò mí.

“Àṣàkẹ́,” ni wọ́n wí, “ọwọ́ mi ti dára sí i.”

Wọ́n wọlé lọ mu omi. Títí tí wọ́n fi kú, a kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n mọ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá jọ ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà á dé ẹnu mi, màá tún gbé e mì.

N kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́, bóyá ẹ̀kẹrin la wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá ẹ̀rọ Bàbá Ràfíù padà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣí tépù. Wọ́n bi mí pé ṣé nǹkan bàjẹ́ ni. Mo ní rárá o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Nítorí náà, gbọ́ ọ báyìí, kí o má kọ́ ọ ní ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ. Fi ìka kan ọ̀dà tó wà lórí tépù, má fi kan ti ara ọkọ̀. Bí kò bá ti yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń lẹ̀ díẹ̀, àsìkò ti tó. Dá orí tépù náà padà sẹ́yìn lé ara rẹ̀, kí o máa fà á jẹ́jẹ́, kó máa sún mọ́ ara ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí o bá pẹ́ jù tí ọ̀dà sì ti le, fi bíléèdì la etí rẹ̀ fẹ́rẹ́ kí o tó fà á. Bí gọ́ọ̀mù bá kù, kán kẹrosíìnì díẹ̀ sára àkísà, kí o fi nù ún. Má lo tínà tí àwọn pẹ́ńtà fi ń po ọ̀dà, á jẹ ọ̀dà tuntun. Kí o sì gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ ibòòji, jọ̀ọ́, má fi tépù sílẹ̀ fún oòrùn.

Nígbà tí ìyá mi kú, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí wọn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo aṣọ, mo rí àjákù òfì Ìsẹ́yìn kan tí wọ́n ká. Kí n tó tú u ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn òrí ni, òrí tó ti pẹ́. Mo tú u. Tépù mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọjú gọ́ọ̀mù wọn sókè, wọ́n to òkè lẹ́tà mọ́ àárín, wọ́n to àárín mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi òwú dúdú rán wọn mọ́ aṣọ náà ní igun kọ̀ọ̀kan.

Mo sunkún, ṣùgbọ́n òórùn òrí yẹn kò jẹ́ kí n sunkún lọ títí. Kí ni òrí ń wá lára tépù? Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀sán tí wọ́n kọ ọ́. Ọyẹ́ ni. Kí wọ́n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, wọ́n kọ́kọ́ bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi pa ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà títí tó fi ń dán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa á sí wa lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní kí ọyẹ́ má baà jẹ́ kí ibẹ̀ sán ni. Ṣé o rí i báyìí? Ìkọ̀wé náà kò kan irin rí. Orí òrí ló jókòó sí. Tépù yòówù kí n lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ yòówù kí n ṣí i, yóò bá a wá. Kì í ṣe oòrùn nìkan, kì í sì í ṣe agbára ọwọ́ mi nìkan.

Ká ní mo ti fi tépù kékeré dán an wò ni, ǹ bá ti mọ̀. Ká ní mo sì ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni, a ò bá ti jọ bi ara wa léèrè ohun tó fà á, wọn ì bá rántí òrí, bóyá a ò bá ti rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi, ìyá mi wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ìdáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, bí o bá ba nǹkan jẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Má jẹ́ kó sùn.

Àwọn ohun tí n kò mọ̀ ṣì pọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n lọ sí ààtàn? Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n wo abẹ́ háhá? Báwo ni ojú wọn tó ti rẹ̀ ṣe to àwọn lẹ́tà yẹn mọ́ra tí ìlà kò fi yẹ̀? Ṣé inú ń bí wọn bí wọ́n ṣe ń rán an, àbí wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi? Bí o bá rí ìdáhùn, pè mí.

Ó yá, o lè tú ìdì náà. Rọra ṣe é, ọ̀dà náà ti gbẹ gan-an. Bí o bá kọ́kọ́ wò ó, á dà bíi pé àwọn lẹ́tà náà kọ ẹ̀yìn sí ọ, nítorí ẹ̀yìn ọ̀dà ni ò ń wò. Gbé e lọ síwájú jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, á tọ́. Ọwọ́ Màmá Oníṣu nìyẹn. Wàá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti ẹ̀yìn ọkọ̀, má fi tépù ṣòfò lórí ọwọ́ tèmi. Fi sanpépà ha á, kí o kùn ún pọ̀ mọ́ ìyókù. Bó bá gbẹ, mú búrọ́ọ̀ṣì, kí o kọ ohun tó bá wù ọ́ síbẹ̀, kó ṣáà ti jẹ́ òtítọ́. Má sì fi òrí pa á kí o tó kọ ọ́. Bí o bá kọ ọ́ tán, pè mí kí n wá wò ó. Màá fi ìka kàn án. Mo ti mọ ohun tí màá sọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ọ̀nà oko àti ní ọ̀nà ilé.

Èmi Àṣàkẹ́, ìyá rẹ, ni mo kọ ọ́.